Ta Ni Ó Di Ìkọ́ Mú? Ọ̀rọ̀ Kíréènì Orí Ọkọ̀ Òkun àti Àpò Àgbẹ̀ Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan lójú ẹlòmíràn. Ẹni tí a bí sí Bẹ́yẹrúnká, tí ó ń ná Bẹẹrẹ, tí oko rẹ̀ sì wà lọ́nà Àkànrán, lè bi wá pé: "Kí ni ó pa èmi àti kíréènì orí ọkọ̀ òkun pọ̀? Bí mo tilẹ̀ gun òkè Mápó, n kò lè rí òkun níbẹ̀." Òtítọ́ ni. Òkun kò dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná lẹ́bàá òkun ń dé Ọjà'ba lójoojúmọ́, apò wa ni ó sì ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí ọmọ ilé-ìwé ń jẹ ní òwúrọ̀. Èyí tí a ń gbìn ní ilẹ̀ wa kò tó wa jẹ rárá. Ó ju mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù lọ tí Nàìjíríà ń rà láti òkè òkun lọ́dọọdún. Ṣúgà tí a kò tíì sọ di funfun, iyọ̀, àti púpọ̀ nínú èròjà tí wọ́n fi ń po ajílẹ̀ òyìnbó tí àgbẹ̀ ń fi sí ìdí àgbàdo, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wá. Ilẹ̀ Mòrókò ni a ti ń ra fọ́sífétì. Ní ọdún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì dí ọ̀nà pótáṣì tí a ń rà ní Rọ́ṣíà, Kánádà ni ìjọba àpapọ̀ sáré lọ rà á.

Àwọn ẹrù wọ̀nyí kì í wá nínú àpò. Ńṣe ni wọ́n ń dà wọ́n sínú ikùn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí onígàrí ti ń da gàrí sínú ọpọ́n. Ẹrù àìdì ni a ó máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè kó tọ́ọ̀nù 30,000, òmíràn a sì máa kó tó tọ́ọ̀nù 60,000. Bí ó bá ti gúnlẹ̀, báwo ni a ó ti ṣe gbọ́n ẹrù náà jáde? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kíréènì ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi ọkọ̀ ẹrù àìdì méjì ni ó wọ́pọ̀ lójú òkun. Àwọn kan kò ní kíréènì kankan. Èbúté tí ó bá ní ẹ̀rọ ìkẹ́rù tirẹ̀ nìkan ni wọ́n lè lọ. Àwọn kejì ru kíréènì tiwọn wá láti ilé. Ẹni tí ó bá mọ àwọn aláàárù Ọjà'ba, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e. Aláàárù kan wà tí ó ń dúró kí oníbàárà wá agbọ̀n àti òṣùká fún òun. Òmíràn wà tí ó mú agbọ̀n àti òṣùká tirẹ̀ wá. Aláàárù kejì yìí kì í wáṣẹ́ tì, gbogbo ọjà ni ó lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òun ni ó mọ bí agbọ̀n rẹ̀ ti tóbi tó, òun ni ó sì mọ ibi tí ó ti ń jò. Bí ìdí agbọ̀n bá jò, ìrẹsì oníbàárà ni ó ń dà sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń mú kíréènì tirẹ̀ wá ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń kó ẹrù àìdì wá sí èbúté wa.

Kì í ṣe òní ni a ti ń gbójú lé apá ọkọ̀ àjèjì. Kí ó tó di ọdún 1914, iyanrìn dí ẹnu òkun Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Ìta lójú òkun ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń fi òpó ìgbẹ́rù orí ọkọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré lórí ìgbì. Ènìyàn pàápàá ń jókòó sínú àpótí onígi, ìkọ́ ọkọ̀ a sì gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹrù. Ní ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ odi sí ẹnu òkun náà. Ní ọdún 1926 ni wọ́ọ̀fù Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Reluwé ti dé Ìbàdàn ṣáájú, láti ọdún 1901. Àwọn bàbá wa di kòkó sínú àpò, àpò 16 sí tọ́ọ̀nù kan; orí àti èjìká ni ó fi kúrò lóko, reluwé gbé e dé Èkó, òpó ìgbẹ́rù ọkọ̀ sì gbé e wọ inú ọkọ̀.

Bí òpó náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Méjì ni wọ́n ń lò pọ̀: ọ̀kan nà sórí ẹnu ikùn ọkọ̀, èkejì nà sórí wọ́ọ̀fù, okùn irin méjèèjì sì pàdé lórí ìkọ́ kan. Èkíní a fa ẹrù sókè, èkejì a fà á síta, èkíní a wá máa dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù yóò fi balẹ̀. Tọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ó tó fún àpò kòkó. Kò tó fún àlìkámà tọ́ọ̀nù 30,000.

Nítorí náà ni kíréènì ṣe gba ipò òpó. Ọkọ̀ ẹrù àìdì tí ó wọ́pọ̀ lónìí ní kíréènì 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30. Ìkọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń so gírábù mọ́, ọwọ́ irin oníhà méjì tí ń la ẹnu, tí ń bù, tí ó sì ń pa ẹnu dé bí ọ̀nì. Ẹni tí ń wa kíréènì jókòó sí yàrá kékeré lókè. Yóò sọ gírábù sínú ọkọ̀, yóò bu ẹrù, yóò yí apá kíréènì sí wọ́ọ̀fù, yóò sì dà á sínú àrọ irin ńlá kan tí ó rí bí èyí tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Abẹ́ àrọ yìí ni ọkọ̀ àjàgbé ń wà láti gba ẹrù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: ìwọ̀n irin gírábù wà nínú tọ́ọ̀nù 30 náà. Bí gírábù bá wọn tọ́ọ̀nù 10, ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 20 lọ. Àlìkámà sì fúyẹ́. Gírábù tí ó tóbi níwọ̀nba, bí ó ti wù kí ó kún tó, tọ́ọ̀nù 8 tàbí 9 ni yóò bù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí ọmọ ilé-ìwé. Ká ní ọkọ̀ kan kó tọ́ọ̀nù 30,000, kíréènì rẹ̀ jẹ́ 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bu tọ́ọ̀nù 8 ní ìgbà 20 láàrin wákàtí kan. Tọ́ọ̀nù 640 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò kó ní wákàtí kan, ẹrù yóò sì tán ní nǹkan bí wákàtí 47. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lóòjọ́, kò tó ọjọ́ 5. Ṣùgbọ́n bí kíréènì kan ṣoṣo bá kú, ó di tọ́ọ̀nù 480 ní wákàtí kan, ẹrù yóò gba wákàtí 62 àti ààbọ̀, ó sì ju ọjọ́ 6 lọ. Ìṣirò orí ìwé lásán nìyí o. Òjò kò tíì rọ̀ tí a óò fi bo ẹnu ọkọ̀, ọkọ̀ àjàgbé kò sì tíì há sójú ọ̀nà Àpápá.

Ta ni yóò san owó ọjọ́ kan àbọ̀ tí ó lé yẹn? Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń gba ọkọ̀, wọ́n máa ń kọ iye àkókò tí a gbọ́dọ̀ fi kó ẹrù kúrò. Bí àkókò náà bá kọjá, ẹni tí ó gba ọkọ̀ yóò máa san owó ìdádúró, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní dẹ́mọ́réèjì, lójoojúmọ́ títí ẹrù yóò fi tán. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Ó wọ́pọ̀ nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pé bí kíréènì ọkọ̀ bá bàjẹ́, wọn kò ní ka àkókò náà sí ẹni tí ó gba ọkọ̀ lọ́rùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago báyìí ni kíréènì kejì dúró? Ta ni ó kọ ọ́ pé ẹnu gírábù kò pa dé dáadáa mọ́? Bí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ wa kò bá sí níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, ọlọ́kọ̀ lè wí pé ọkọ̀ àjàgbé ni kò dé lásìkò, kò sì sí ẹni tí yóò já a nírọ́.

Owó náà yóò wá gun orí ẹrù, orí ẹrù ni yóò sì wà títí yóò fi dé Ọjà'ba. Oníbúrẹ́dì kò mọ ọkọ̀ náà, kò mọ kíréènì. Ó kàn rí i pé àpò ìyẹ̀fun ti gbówó lórí, ó sì dín búrẹ́dì rẹ̀ kù. Àgbẹ̀ kàn rí i pé òjò ti rọ̀, àgbàdo ti hù, ajílẹ̀ kò sì tíì dé. Nígbà tí yóò bá fi dé, àgbàdo ti yọ irun.

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa kò tíì gbàgbé ọdún 1975. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kan kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 1 lọ. Ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ tò sójú òkun Èkó, símẹ́ńtì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kó. Wọ́n dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Símẹ́ńtì dì bí òkúta sínú àwọn kan, owó ìdádúró sì ń gorí ara wọn. Ẹ fetí sí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni ó ní òpó ìgbẹ́rù tirẹ̀. Apá wà lára wọn, ibi tí wọn yóò gbé ẹrù lé ni kò sí. Ìkọ́ ọkọ̀ kò lè kó ẹrù sófuurufú. Wọ́ọ̀fù ni ó ń fẹ́, àká ni ó ń fẹ́, ọkọ̀ àjàgbé àti reluwé ni ó ń fẹ́. Lẹ́yìn ìdààmú yẹn ni wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò, tí a ṣí ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn níbí ní ọdún 1960, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá: wọ́n gbẹ́ òkúta ẹfun ilẹ̀ wa, wọ́n sì sọ ọ́ di símẹ́ńtì. Nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó gbòòrò lẹ́yìn náà ni a kò fi tún ń rí ọkọ̀ símẹ́ńtì tí ń tò sí ẹnu òkun.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé: "Ẹ fi àwọn ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Oore ni wọ́n ṣe wá. Wọ́n mú kíréènì wọn wá, a kò náwó ra tiwa. Kí ni ẹ tún ń wá?" A kò sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ṣófo. Ọ̀pọ̀ èbúté kéékèèké ní ayé ni ì bá máa sun ebi bí kò bá sí ọkọ̀ tí ń ru kíréènì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ọlọ́kọ̀ ra kíréènì rẹ̀ láti fi ṣe òwò tirẹ̀ káàkiri ayé. Kò rà á nítorí àgbàdo Àkànrán. Ohun tí a yá lò ní láti ní ààlà. Bí a bá yá ọkọ́ aládùúgbò lò ní ọdún kan, kò sí ẹ̀gàn. Bí ó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ṣì ń yá a, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè.

Owó nìkan sì kọ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Abẹ́ okùn irin wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń dúró sí. Nígbà tí ẹrù bá kù díẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì láti kó o jọ fún gírábù. Òkìtì àlìkámà lè ya lu ènìyàn kí ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun ń jẹ okùn irin láti inú. Lójú, ó lè máa dán pẹ̀lú gíríìsì, kí ọ̀pọ̀ nínú fọ́nrán rẹ̀ sì ti já. Súwíìṣì kan wà tí ń dá apá kíréènì dúró kí ó má baà lọ ré kọjá ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ń kánjú lè dè é pa kí iṣẹ́ lè yá. Lára apá kíréènì ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n tí ó lè gbé sí, lẹ́tà gàdàgbà tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè kà. Ọ̀dà tí a fi kọ ọ́ lè tuntun, kí irin rẹ̀ sì ti gbó.

Òfin wà lórí èyí. Ní ọdún 1979 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe Àdéhùn 152 nípa iṣẹ́ èbúté. Ó wí pé kí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ ìgbẹ́rù wò fínnífínní lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, láàrin oṣù 12, kí wọ́n sì tún fi ẹrù dán ti orí ọkọ̀ wò láàrin ọdún 5 sí ọdún 5. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Òkun fi ẹ̀rọ ìgbẹ́rù orí ọkọ̀ kún òfin ńlá ààbò ẹ̀mí lójú òkun, wọ́n sì dá ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin náà béèrè pé kí wọ́n dán ẹ̀rọ wò, kí wọ́n kọ ìwọ̀n tí ó lè gbé sí i lára, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má sì fi èyí tí ó bàjẹ́ pamọ́. Òfin dára. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni òfin ń sùn bí kò bá sí ẹni tí yóò gun orí ọkọ̀ lọ béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Lórí àwọn adágún ńlá tí ó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n rí i pé gírábù ń fi àkókò ṣòfò. Ní ọdún 1902, wọ́n tún ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Hennepin ṣe kí ó lè máa tú ẹrù ara rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1908, wọ́n kan Wyandotte fún iṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀. Ìdí ikùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí àrọ, ilẹ̀kùn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹrù yóò máa jábọ́ sórí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì yóò gbé e gòkè, bẹ́líìtì mìíràn lórí apá gígùn kan yóò sì dà á sí èbúté. Kò sí gírábù, kò sí ṣọ́bìrì. Èyí tí ó lágbára nínú wọn lónìí lè tú tó tọ́ọ̀nù 6,000 jáde ní wákàtí kan. Ọkọ̀ wa tí ó gba wákàtí 47 lórí ìwé lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 5 ni yóò gbà.

Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é? Òkúta irin, èédú àti òkúta ẹfun tiwọn ni wọ́n ń kó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀ lọ́dọọdún, ọkọ̀ sì jẹ́ tiwọn. Àwa dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀ ní ọdún 1959. Ní ọdún 1995 ni ó kógbá wọlé. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè pàṣẹ irú kíréènì tí yóò wà lórí ọkọ̀. Nítorí náà, orí ilẹ̀ tiwa, lórí wọ́ọ̀fù tiwa, ni agbára wa wà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí gírábù kankan má ṣe wọ inú ọkọ̀ ní èbúté wa kí aṣojú ìjọba tó rí ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò kíréènì náà, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo okùn irin. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté lè kà á, kí ẹni tí yóò dúró lábẹ́ rẹ̀ lè mọ ohun tí ó dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Èkejì wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Kí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ń ra ajílẹ̀ pọ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì, má ṣe dúró de iye tí wọn yóò pè fún wọn. Kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n rán ọmọ tí ó kàwé sí wọ́ọ̀fù nígbà tí ọkọ̀ tí ó kó ẹrù wọn bá dé, kí ó máa kọ wákàtí iṣẹ́, wákàtí òjò àti wákàtí tí kíréènì kú sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó tóbi jù. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti fi ọ̀pọ̀ ibi ìgúnlẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Nígbà tí àdéhùn wọn bá tó tún ṣe, kí ìjọba kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ibi ìgúnlẹ̀ ẹrù àìdì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìkẹ́rù tirẹ̀ lórí ilẹ̀, kí kíréènì ọkọ̀ di olùrànlọ́wọ́, kí ó má jẹ́ ọ̀gá. Kí wọ́n sì so wọ́n mọ́ reluwé. Ìlà tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 wá láti Èkó dé Mọ́níyà, ẹ̀ka rẹ̀ sì dé èbúté Àpápá. Kí ni ó dé tí ajílẹ̀ àgbẹ̀ Ìbàdàn yóò fi máa há sẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé nígbà tí irin ti tò láti etí òkun dé ẹnu ọ̀nà wa? Kí àká kan wà ní Mọ́níyà tí yóò gba èròjà náà, kí a dì í sínú àpò níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì rí iṣẹ́ ṣe.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ mú un lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kàwé, ẹ sì bi àwọn aṣòfin tí ẹ fi ìbò yín rán lọ sí Àbújá pé: kíréènì mélòó ni ó wà lórí wọ́ọ̀fù tí ó jẹ́ tiwa, ta sì ni ó yẹ ti àjèjì wò kẹ́yìn? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ebi kò ní pa wá, ọwọ́ wa yóò sì tó ìkọ́ náà lágbára Ọlọ́run.